Orin Tó Gbapò Kìíní Nílé Gàfárù

Gàfárù kò lè kọrin. Bó bá ti fẹ́ gbé e lẹ́nu pẹ́nrẹ́n, Zubaidah ìyàwó rẹ̀ á ní kó ṣàánú àwọn adìẹ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo abúlé tó wà láàárín Olódò sí Ẹgbẹ́dá, mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn orin bíi tirẹ̀. Adìẹ ló ń sìn. Ẹni tó bá wá ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ṣàì gbọ́ orin kan kó tó lọ.

Kì í sì í ṣe orin àwọn gbajúmọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn ni tirẹ̀, àwọn tó ń ta gìtá nínú yàrá wọn, tí wọ́n ń fi fóònù gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn gbé e sórí ayélujára. Ó ní orin wọn máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Èmi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló kọ́ mi láti máa gbọ́ wọn.

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, Gàfárù á pe àwa aládùúgbò jọ sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Zubaidah á se mọ́ínmọ́ín. Ọkọ rẹ̀ á wá máa fi fóònù lu àwọn orin tó dùn mọ́ ọn jù lọ́dún náà, á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn títí dé orí èyí tó gbapò kìíní, àwa náà á sì máa bá a jiyàn.

Lésìí, tọkọtaya náà ti ń jiyàn tipẹ́ kọ́jọ́ náà tó pé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwabùkọ́lá, láti Ọlọ́runṣògo, ló gbé àwo orin kan jáde. Orin tí Gàfárù mú níbẹ̀ dá lórí ilé tí ẹnì kan fẹ́ kọ́, tí fèrèsé rẹ̀ yóò pọ̀ ju ògiri lọ. Orin kékeré tó kẹ́yìn àwo náà ni Zubaidah mú. Ẹ ó máa gbọ́ òjò lórí páànù nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ orin á sì pòórá lẹ́nu akọrin, á bú sẹ́rìn-ín. Gàfárù ní àṣìṣe nìyẹn, kì í ṣe orin.

Ó kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà lórí fóònù, ó sì fi àwàdà pè é sí ìpéjọ wa. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀kadà ṣe já ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó ń béèrè ilé ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́yin, Gàfárù tó ti ń sọ̀rọ̀ orin láti àárọ̀ sáré lọ gbé àga wá. Zubaidah ló kí i káàbọ̀, tó fún un lómi.

Olúwabùkọ́lá ni. Ó sọ fún wa pé yàtọ̀ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, òun kò tíì kọrin fún ẹnikẹ́ni rí. Ìwọ̀nba èèyàn ló gbọ́ àwo òun, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń lù ú ṣáá láràárọ̀. Òun rò pé fóònù onítọ̀hún ló bàjẹ́.

Nígbà tí Gàfárù dé ipò kìíní, tó lu orin ilé, Zubaidah kò lè mú un mọ́ra. Ó ní kí olórin fúnra rẹ̀ dájọ́.

Olúwabùkọ́lá wolẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Díẹ̀ ló kù kí n yọ orin ilé yẹn kúrò. Orin òjò ni mo fẹ́ràn jù.”

Zubaidah kàn fi mọ́ínmọ́ín mìíràn sínú àwo ọmọ náà. Ẹ̀rín pa wá.

Gàfárù náà rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ohun tí èmi pàápàá kò mọ̀. Ọdún tó ṣáájú ni àrùn kó gbogbo adìẹ rẹ̀ lọ, ilé adìẹ ṣófo, kò sì lè wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tó padà mú ìgbálẹ̀ wọ ibẹ̀, tó ń múra sílẹ̀ fún àwọn òròmọdìẹ tuntun, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ gbọ́ orin ilé.

“Ìwọ lo kọ ọ́,” ló wí, “ṣùgbọ́n èmi lo kọ ọ́ fún, o ò kàn tíì mọ̀ mí ni.”

Ọmọ náà nu ojú, ó mú gìtá, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin ilé. A bá a gbè é. Gàfárù pàápàá gbè é, Zubaidah kò sì dá a dúró lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ọmọ náà kọ orin òjò, nínú ọyẹ́ gbígbẹ fúrúfúrú, títí oòrùn fi ń rọ̀.

Èmi àti Gàfárù la sìn ín dé ẹ̀bá títì. Gàfárù ló gbé gìtá, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Nígbà tí ọkọ̀ Ìwó Road dúró, ó ní kí awakọ̀ rọra máa sáré, olórin ló gbé. Awakọ̀ bi í léèrè orúkọ olórin náà, ó ní òun kò gbọ́ orúkọ náà rí. Gàfárù ní kò burú, ọ̀nà ṣì jìn, kó bẹ̀ ẹ́ kó kọrin fún un.