“Bàbá Wo?”

Àdúgbò Àgbowó ni mo ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń tọpa àrùn ìdílé. Ojú ìwé ìlera ni mo ń kọ fún ìwé ìròyìn kan ní Dùgbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, mo sì tẹ̀lé Dókítà Adéọlá lọ síbẹ̀. Jíìnì ni wọ́n ń wá, ohun bíńtín inú ara tí òbí ń fún ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kò tó. Ti gbogbo ẹbí ni wọ́n máa ń gbà, kí wọ́n lè fi wéra.

Múfù tó ń tún rédíò ṣe níbẹ̀ kì í ríran bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bàbá Ṣadé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní òun kò ní fọmọ fún ẹni tí yóò bí afọ́jú. Ohun tí Múfù fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: “Ṣé ọmọkùnrin tí mo bá bí náà á rí bẹ́ẹ̀?”

Dókítà ya ẹbí rẹ̀ sórí ìwé, wọ́n kun àwọn tí àrùn náà ń ṣe ní dúdú. Ọkùnrin nìkan ni, ọ̀dọ̀ ìyá ló sì ń gbà wá. Irú èyí, bàbá kì í fún ọmọkùnrin. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí wọ́n tó béèrè bàbá Múfù.

“Bàbá mi? Bílẹ̀ bá ti ṣú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ilẹ̀kùn.”

Bírò Dókítà dúró. Wọ́n ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, bàbá náà lè fún ọmọkùnrin nìyẹn, àwọn ò lè fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Ojú Múfù rẹ̀wẹ̀sì.

Ṣadé, tó jókòó tì í, bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá wo? Bàbá Ẹlẹ́yẹlé? Ṣebí ẹ̀gbọ́n màmá Múfù ni wọ́n.”

Inú bí Múfù. “Wọ́n tọ́ mi, wọ́n kọ́ mi níṣẹ́. Ṣé bọ̀ọ̀dá ni kí n máa pè wọ́n?”

“Rárá o, bàbá yín ni wọ́n,” ni Dókítà wí. “Ẹni tó bí yín ńkọ́?”

“Ìyẹn wà ní Challenge. Ọkọ̀ ló ń wà lóru.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Múfù náà bá wa rín in.

Ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí òkè òkun, èsì rẹ̀ sì bá ìwé tí wọ́n tún yà mu. Dókítà kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún bàbá Ṣadé: àwọn ọmọkùnrin tí Múfù bá bí bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lè gbé e fún ọmọkùnrin tiwọn.

Bàbá Ṣadé gbà. “Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin dókítà náà á ti túbọ̀ mọ̀wé.”

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lẹ́nu iṣẹ́ pé “bàbá mi,” mo máa ń béèrè èwo.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé ló tọrọ ìyàwó fún Múfù nílé Ṣadé ní Bódìjà, lọ́sàn-án gangan. Ọ̀rọ̀ dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá tó bí i ló wa ọkọ̀ gbé Múfù àti Bàbá Ẹlẹ́yẹlé padà sílé.