Olè Adìẹ Tó Dọ̀bálẹ̀

Láti kékeré ni mo ti máa ń fura sí ẹni tó bá ń kí ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan ṣoṣo, kí o yáa lọ wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ. Mo gbé ìfura yìí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo lọ ní Ibafo, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé ọmọkùnrin kan tí a lè sọ pé dídọ̀bálẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Apá Ọ̀ṣun ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Mowe, yàrá kan ni wọ́n sì háyà síbẹ̀. Bí ọmọ yìí bá rí olùkọ́, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀, ì báà jẹ́ inú ẹrẹ̀. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún awakọ̀ lọ́rì. Àwa tó kù, a ó kàn tẹ̀ ba díẹ̀, a ó na ọwọ́ kan sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣa nǹkan tó já bọ́, ó parí. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, kì í ṣe ìkíni rẹ̀ nìkan ló ń bí mi nínú. Òun ni kípà àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, èmi ni ìkejì. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín òpó méjì.

Ìparí àwọn ọdún 1980 là ń wí yìí, ìgbà tí gbogbo ìlú ń pariwo sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí ẹran inú oúnjẹ wa kò ju èékánná lọ. Kóòṣì tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù kúrú, ohùn rẹ̀ ló ga. Òfin kan ṣoṣo ló ní: bí ẹnìkan bá ṣẹ̀, gbogbo wa la ó jọ jẹ ìyà rẹ̀. A ó wà lórí ìkúnlẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ òwe rẹ̀, "Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un..." Àwa á sì fi ohùn kan parí rẹ̀ pé, "Hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru, sà!" Ó gbà pé bí ìyà bá ká gbogbo wa mọ́, a ó máa ṣọ́ ara wa. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. A ń ṣọ́ ara wa débi pé bí ẹnìkan bá dìde lọ tọ̀, ẹni méjì á bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, a ń múra láti lọ bá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan gbá bọ́ọ̀lù ní Ifo lọ́jọ́ Sátidé. A ti gbọ́ pé ẹnìkan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá yan àwọn ọmọ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀, àti pé kípà kan ṣoṣo ló ń wá. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà pé kí ibà mú ọmọ Ọ̀ṣun yìí. Ibà kò mú un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn pápá wa gbé agbọ̀n ẹyin wọlé tọ̀ wá. Ọmọ onílẹ̀ ni, àwọn baba rẹ̀ ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé-ìwé wa sí. Ó ní wọ́n ti jí adìẹ òun tó ń sàba gbé ní ìrọ̀lẹ́ àná, àwọn ẹyin náà sì ti tutù. Ó ní àwọn mẹ́ta ni, ṣòkòtò pénpé bọ́ọ̀lù ló wà nídìí wọn.

"Mo pariwo pé ta nìyẹn. Méjì sá lọ. Ẹ̀kẹta há adìẹ mi sí abíyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, 'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà.' Kí n tó dá a lóhùn, ó ti fo ọgbà."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Kóòṣì fọn fèrè, ẹ̀rín náà sì kú.

"Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́," ni ìyá náà wí, "mi ò lè mọ ojú rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni."

Kóòṣì ní kò sí bọ́ọ̀lù mọ́ títí àwọn olè yóò fi jẹ́wọ́, bí wọn kò bá sì jẹ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò lọ sí Ifo. Ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì rẹ̀, a fi àdá gé koríko gbogbo pápá náà. A fi ìka kan kanlẹ̀, a gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí àwọn kan fi ń sunkún. A pọnmi kún gbogbo àgbá ìyá náà. Kò sí ẹni tó jẹ́wọ́.

Ìfura wá gba ilé kan. A ń wá ìyẹ́ adìẹ kiri inú àkìtàn. A ń gbóòórùn ọwọ́ ara wa bí a bá ń bọ ọwọ́. Ẹni tí kò bá jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán, a ó ní ó ti jẹ ẹran yó níbòmíràn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán, a ó ní ó ń díbọ́n. Ṣùgbọ́n ní tèmi, mo ti mọ olè mi láti ìgbà tí ìyá náà ti lanu. Ta ló tún ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wa? Mo bi í léèrè ibi tó wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó ní òun ń fọ ìbọ̀wọ́ òun nídìí ẹ̀rọ omi. Lóòótọ́, mo rí ìbọ̀wọ́ náà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn lórí okùn, tí omi ń kán lára rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé olè náà lè rẹ ìbọ̀wọ́ sómi kó tó lọ jalè. Ẹni tó bá ti fẹ́ fura, kò sí ohun tí kò lè fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kápúténì wa sáré wọ yàrá tí a ń sùn sí. Wọ́n ti rán an lọ gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì gbọ́ ohun tí Kóòṣì ń bá ìyá náà sọ. Ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó wá máa kí ìyá náà, kó lè fi ìkíni mọ olè náà.

"Ẹ gbọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má fàyà kanlẹ̀! Ẹ kàn tẹ̀ ba, ṣé ẹ gbọ́?" Ó wo yíká. Kípà àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀, òun ṣì ń pọnmi ìyà. Kápúténì yíjú sí mi. "Ìwọ lo wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè rẹ̀. Lọ sọ fún un, jọ̀ọ́."

Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè ìdí tí àyà fi ń já kápúténì tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń fura sí gbogbo ayé, n kò fura síyẹn. Mo jáde. Mo bá ọmọ Ọ̀ṣun lójú ọ̀nà, kòròbà méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀?" ló bi mí.

"Kóòṣì ń pè wá," ni mo wí. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A tò. Ẹni àkọ́kọ́ tẹ̀ ba, ẹni kejì tẹ̀ ba, kápúténì náà tẹ̀ ba bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ojú Kóòṣì ń le sí i. Nígbà tó kàn mí, mo na ọwọ́ kan sílẹ̀, mo kọjá. Lẹ́yìn mi ni ọmọ náà wà. Mo gbọ́ ìró àyà rẹ̀ nílẹ̀ kí n tó yíjú padà. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà."

Ìyá àgbà tẹ̀ síwájú wò ó. "Bó ṣe ṣe gan-an nìyí," ló wí. "Ṣùgbọ́n, olùkọ́, orí yẹ́yẹ́ ní mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Mi ò lè búra o."

Kóòṣì kò dúró gbọ́ ìyẹn. Ó ní kí ọmọ náà lọ kó jẹ́sì àti ìbọ̀wọ́ wá, ó kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní òun kò mọ nǹkan kan. Wọ́n bi í pé ta ni àwọn méjì tó kù, kò rí orúkọ kankan dá. Kóòṣì kó ẹrù náà lé mi lọ́wọ́ lójú rẹ̀. Ìyà gbogbo wa tán lọ́jọ́ yẹn, a gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ó yé yín pé inú mi dùn gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ lọ́rì lọ sí Ifo. Kóòṣì jókòó níwájú pẹ̀lú awakọ̀, àwa wà lẹ́yìn. A kò tíì rìn jìnnà tí kápúténì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì mi ló bà mí jẹ́! Mo rí màmá yẹn, ara mi kàn lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Adìẹ ń pariwo lábẹ́ abíyá mi, èmi ń kí ènìyàn!"

Àwọn méjì tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n bá a lọ jí adìẹ, náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń wo ìbọ̀wọ́ tó wà lórí itan mi. Nígbà tí a dúró ní Akute, Kóòṣì sọ̀kalẹ̀ láti na ẹsẹ̀, ó wá sẹ́yìn wá bi mí pé, "Ṣé ara le? Ọwọ́ rẹ la wà lónìí o." Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń wò mí. Mo ní, "Ara le, sà." Ó padà síwájú.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn àwọ̀n mi, mo sì rí ọmọ Ọ̀ṣun náà. Ó ti fúnra rẹ̀ wọ mọ́tò tẹ̀lé wa wá láti ilé-ìwé. Ọkàn mi sọ pé ó wá kí n lè ṣubú lójú rẹ̀ ni. Nígbà tó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, tó ń ní kí n jáde, kí n padà, kí n wo ọmọ tó wà lápá ọ̀tún, n kò gbà á gbọ́. Ibi tó bá ní kí n lọ, mo ń lọ sí òdìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni góòlù àkọ́kọ́ ṣe wọlé. Ìgbà tó di pé a ti dá a padà, tó ku díẹ̀ kí eré parí, wọ́n fún àwọn ará Ifo ní pẹ́náritì. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Òsì rẹ. Mo ti rí bó ṣe ń gbá a." N kò ní ọgbọ́n mìíràn mọ́. Mo fò sí òsì, bọ́ọ̀lù sì bá mi lọ́wọ́.

Wọ́n gbé mi sókè. Ọkùnrin tó wá láti Abẹ́òkúta pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí ní ọjọ́ orí mi àti kíláàsì mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí a ṣe fẹ́ máa gun lọ́rì, ọmọ náà wá bá mi. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, gbogbo yín kàn tẹ̀ ba ni. Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan," ni mo dáhùn.

"Ìwọ náà, wọn ò sọ fún ẹ?"

"Wọn ò sọ fún mi."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ti bi gbogbo àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan láti àná, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé èmi ni wọ́n rán sí òun.