Ìbọn Àlòkù fún Ọjọ́ Ìpọ́njú

Mo rántí ìgbà tí mo gbàgbọ́ pé ọkùnrin tó bá ti ní ìbọn nílé ti ṣẹ́gun ìpọ́njú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Manchester, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn sì jọ ń gbé yàrá kan ní Levenshulme, lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì kan ti bú gbàù lọ́hùn-ún ní ìhà Rọ́ṣíà, wọ́n sì ní òjò ti gbé májèlé rẹ̀ dé orí òkè tí àwọn àgùntàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń jẹko. Bí a bá tan tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ni. Bí a bá pa á, ọ̀rẹ́ mi á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí tẹlifíṣọ̀n bá a dé. Ó máa ń sọ pé, "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Òwe ńlá ni. Àwa tí a ń pa á ni a kò tó nǹkan.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Oldham, nídìí ilé ìhunṣọ àtijọ́ kan, tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù àwọn ológun: bàtà, kóòtù, ìkòkò, àpò tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà á to àga sí ẹ̀yìn ilé, á sì máa kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá ní bí èèyàn ṣe ń la ọjọ́ ìpọ́njú já. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ó máa ń wọ aṣọ ológun tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò lè pàdé ara wọn mọ́ níwájú ikùn. Ó ní òun ti jagun ní ilẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tó yá ni a gbọ́ pé ilé ìdáná bárékè ló ti sin ìjọba, pé pòtétò ló ń bó. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn bó pòtétò. Ẹni tó ń fún ọmọ ogun lóúnjẹ ń ṣe iṣẹ́ gidi. Òun ló fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀, tó lọ ń fi irọ́ ṣe oyè.

Àwa mẹ́jọ la máa ń jókòó síbẹ̀, òyìnbó mẹ́fà àti àwa méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko la fi jiyàn lórí irú ìbọn àlòkù tó yẹ kéèyàn yàn. Ẹnì kan ní onígi ló dára, nítorí bí ọta bá tán, èèyàn lè fi ìdí rẹ̀ lu ọ̀tá. Ẹlòmíràn ní èyí tí ẹrẹ̀ kò lè dí lẹ́nu. Ọkùnrin kan tí kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù náà kó má mí hẹlẹhẹlẹ ló ń sọ iye máìlì tí òun lè gbé ìbọn rìn láàárọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ibi tí omi mímu yóò ti wá. Kò sí ẹni tó béèrè ta ni yóò gbé ìyá arúgbó tó wà nílé rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Àgbá òfìfo mẹ́fà, gbogbo wọn ń dún. Èmi ńkọ́? Mo jókòó síwájú pátápátá, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àwọn tó ṣe pàtàkì.

Ní Sátidé karùn-ún, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ìbọn mẹ́ta sórí tábìlì. Ó ní òfin kò gbà kí òun ta ààyè ìbọn fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, nítorí náà òkú ìbọn ni òun ń tà. Wọ́n ti fi iná jó ihò wọn pa. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ́jú sí wa.

"Àmọ́ tí ọjọ́ náà bá dé," ó ní, "ẹnikẹ́ni tó bá mọ irin jó á jí i dìde fún yín."

Ọ̀rẹ́ mi fi Yorùbá bi mí pé, "Ṣé o rò pé á jí lóòótọ́?"

Mo ní, "Wẹ́dà Ìbàdàn á jí i láàárín wákàtí kan."

Ẹ gbọ́ o. Èmi tí mo ti fi ọdún méjì kọ́ nípa irin, tí mo ti jókòó ṣe ìdánwò lórí ohun tí iná ń ṣe sí irin. Ọmọ ọdún méje tó ń fẹ́ná fún alágbẹ̀dẹ ní abúlé wa kò ní gba irọ́ yẹn gbọ́. Mo gbé ìbọn kọ̀ọ̀kan sí èjìká, mo dijú kan, mo fi imú gbóòórùn òróró ara rẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tó ń yan ìyàwó. Níkẹyìn, mo mú èyí tó wúwo jù, nítorí pé igi rẹ̀ ń dán. Owó tí mo rí níbi abọ́ tí mò ń fọ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní ìparí ọ̀sẹ̀ ló bá a lọ. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kò tilẹ̀ fún wa ní àpò. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù kan la fi wé e bí ọmọ tuntun, a sì gbé e wọ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Manchester.

Òkè bọ́ọ̀sì la jókòó sí. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń mi ni bùláńkẹ́ẹ̀tì ń yọ̀, àwa kò sì mọ̀, à ń sọ bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá òyìnbó kan tó jókòó lẹ́yìn wa dìde jẹ́jẹ́, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá dẹ́rẹ́bà. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀sì fi dúró. Dẹ́rẹ́bà kígbe láti ìsàlẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti kọṣẹ́, kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀. Àwa la sọ̀ kẹ́yìn, nítorí ẹrù wa wúwo. Ẹsẹ̀ mi kò tíì kanlẹ̀ dáadáa tí mo fi gbọ́ ohùn.

"Ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ dojú bolẹ̀!"

Àwọn ọlọ́pàá tí dẹ́rẹ́bà ti fi rédíò pè ni, ìbọn tiwọn sì ń bẹ láàyè. Mo dojú bolẹ̀ lórí títì tó tutù. Orókùn ẹnì kan wà ní ẹ̀yìn mi, òkúta kékeré kan ń gún mi létè, mo sì ń gbọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé bí mo bá wúkọ́ báyìí, wọn á pa mí. Mo gbé ikọ́ náà mì.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá wọn gbìyànjú láti fa irin ìbọn náà sẹ́yìn, kò mì. Ó fi tọ́ọ̀ṣì yọjú wo ihò rẹ̀, ó rí i pé ó ti dí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju orókùn lọ. Nígbà tí wọ́n tẹ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù láago, ó ní òun kò mọ̀ wá rí, pé àwọn aláwọ̀ dúdú méjì kan wá rajà, òun sì kìlọ̀ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tá a fi jókòó lẹ́yìn ilé rẹ̀! Ọlọ́pàá ní àwọn lè kọ̀wé sí yunifásítì wa, àwọn sì lè kọ sí àwọn tó fún wa ní físà. Ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n bi wá bóyá a mọ ẹnikẹ́ni tó lè dúró fún wa.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: bàbá ará Ìlọrin kan tó máa ń ti àwọn aláìsàn kiri lórí kẹ̀kẹ́ ní ọsibítù. Ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọmọ Yorùbá tí wàhálà bá bá ní ìlú yẹn, mùsùlùmí tàbí kìrìsìtẹ́nì, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀ wá. A dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì àgọ́ ọlọ́pàá. Ìbọn tó wà lórí tábìlì ló ń wò.

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá pé, "Mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé irú rẹ̀ ní Bọ́mà, nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọba yín ló ní kí n gbé e."

Ọlọ́pàá náà yọ fìlà. N kò mọ gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ lẹ́yìn náà, àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti tú wa sílẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ gba ẹrù mi. Mo ní rárá.

Níta, bàbá dúró.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Fún ọjọ́ ìpọ́njú ni, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ta lo fẹ́ yìn ín fún?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù padà sí mi létí. Ó ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé nígbà tí oúnjẹ bá tán, wọn yóò máa ya bọ̀ láti àárín ìlú, wọn yóò gba ojú ọ̀nà Manchester wá sí Oldham, kí a sì múra dè wọ́n. Wọn. Àwọn wo ló ń gbé àárín ìlú? Àwọn ará Levenshulme ni. Èmi ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n ń kọ́ láti yìnbọn fún, àwa sì jókòó síwájú, à ń mi orí, mo tún fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.

Bàbá wojú mi, ó rí i pé ó ti yé mi. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Ọ̀rẹ́ mi yege, ó padà sílé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní pólì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo lẹ́tà tó kọ sí mi, kò mẹ́nu ba ọjọ́ yẹn rí. Èmi dúró sí Manchester. Ìpọ́njú dé lóòótọ́, oríṣiríṣi: iṣẹ́ bọ́, ìyàwó mi ṣàìsàn, omi dídì bẹ́ páìpù ilé wa láàárín òtútù ńlá. Ará ilé kejì mi, ará Pakístánì kan, ló gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná wá. N kò rí ọjọ́ kan tí ìbọn ìbá wúlò.

Àwọn ọkùnrin yẹn kò tíì tán láyé. Orí fóònù ni wọ́n wà báyìí, wọ́n ń jiyàn lórí igi àti irin, ikùn wọn ń yọ lábẹ́ aṣọ ológun, wọ́n ń retí ọjọ́ tí ayé yóò bàjẹ́ kí wọ́n lè di ọkùnrin. Ṣìọ̀! Mo máa ń wò wọ́n, ẹ̀gàn á kún ẹnu mi. Bí mo bá sì fẹ́ tutọ́, ọ̀sán kan ní àárín àwọn ọdún 1990 a máa dá mi lẹ́kun. Bàbá ti wà lórí àìsàn, mo lọ kí i, mo sì gbìyànjú láti bi í ní ohun tí n kò lè bi í tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ní Bọ́mà, ṣé ẹ yìnbọn pa ẹnikẹ́ni?"

Ó yí ojú sí fèrèsé.

"Mo yìn ín," ó ní. "Mi ò lọ wo ibi tó bà. Àtìgbà náà ni mo ti ń wò ó."