Fítámìn Ìyá Àgbà

Èmi ni mo jẹ fítámìn tí wọ́n rà fún Ìyá Àgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi ìgò kan. Lánàá, ẹnìkan tó ń ta oògùn òyìnbó ṣí irú ìgò bẹ́ẹ̀ níwájú mi, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa l'Ọ̀wọ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, níbi tí wọ́n ti fi iná ẹ̀rọ tọ́jú jẹjẹrẹ ọ̀fun rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ògì tútù nìkan ló ń mu. Ó mú hóró fítámìn aláwọ̀ ọsàn kan látinú ìgò rẹ̀, ó nà án sí mi.

“Bá mi lá a, ọkọ mi. Má sọ fún ìyá ẹ o.”

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé iná náà ti bó ẹnu rẹ̀, pé oògùn kíkan náà ń ta á bí ata, kò sì fẹ́ kí màmá mi, ọmọ rẹ̀, tó wá oògùn náà káàkiri Ọ̀wọ̀ kó tó rí i rà, mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe lójoojúmọ́, títí màmá mi fi dé lọ́jọ́ kan, tó mi ìgò náà.

“Ìyá, ẹ mà kú ìgbìyànjú o! Ó ti ń tán lọ.”

“Mò ń lò ó,” ni Ìyá Àgbà wí.

Mo pa ẹnu dé kí ó má baà rí ahọ́n mi tí oògùn náà ti mú pọ́n.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni màmá mi wí. “Dókítà ní tó bá tán, ká tún ra méjì sí i.”