Ìyẹ̀fun Tó Ń Dá Gbiná

Òórùn ìyẹ̀fun náà ni mo kọ́kọ́ ń rántí, ó kan bí ọtí kíkan tí wọ́n dà sórí irin gbígbóná. Gabon ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé Libreville, mo sì ríṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kan lẹ́bàá èbúté. Iṣẹ́ wa ni láti mọ ẹrù tó lè dá gbiná nínú ooru. A ó bu díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun tí ọkọ̀ ojú omi kó dé sínú agbọ̀n wáyà kékeré, a ó gbé e sínú ààrò onímànàmáná, a ó máa fi ooru kún un díẹ̀díẹ̀, tẹmómítà kan nínú ààrò, èkejì láàárín ìyẹ̀fun. Bí ìyẹ̀fun bá ti gbóná ju ààrò lọ, iná ti dé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan, Nàgó láti Dàhòmì, ló kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i, ṣùgbọ́n èmi ti ka ìwé mẹ́wàá, igi tèmi ga.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n yẹ ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú kan wò, ó ní kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ páànù ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí àwọn alágbàṣe ń ṣiṣẹ́. Patírọ́ọ̀nù wa, ọ̀gá òyìnbó tó ni ẹrù náà, gbá a lẹ́nu títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? O lè tún un dán wò?"

Mo ní mo lè. Nígbà tí ìyẹ̀fun gbóná ju ààrò lọ, mo ní tẹmómítà ló ń purọ́, mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn ààrò.

"Àbúrò, má ṣí i."

Mo ti ṣí i. Iná bú jáde. Ẹ̀gbọ́n tì mí ṣubú, ó fi ojú àti apá gbà á. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ bí èèpo iṣu sísè.

Lọ́jọ́ kejì, patírọ́ọ̀nù kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀gbọ́n ló ṣe àìbìkítà, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo ní èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn, ìyẹ̀fun náà sì dá gbiná. Ó fi ọ̀pá lù mí títí ọ̀pá fi ṣẹ́, ó sì lé mi. Mo gbé ojú ẹlẹ́jẹ̀ lọ bá ọ̀gá èbúté, mo sọ ohun tí ìyẹ̀fun náà ṣe, wọn kò sì jẹ́ kí ẹrù náà wọ abẹ́ páànù.

Ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n fọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

"Ìyẹ̀fun ńkọ́?" ó bi mí.

"Wọn ò kó o wọlé mọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Dìde."

Mo ti darúgbó ní Sibang, àdúgbò kan ní Libreville, báyìí. Ẹ̀gbọ́n kò bú mi títí tó fi kú. Ká ní ó bú mi ni, bóyá ara ì bá tù mí.