Tíṣà Tó Wá Ẹ̀jẹ̀ Ẹlẹ́bi Káàkiri Ìjẹ̀bú-Igbó

Ó dìgbà o, Bàbá mi, Tíṣà àgbà tí gbogbo Àgọ́-Ìwòyè mọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ bayọ́lọ́jì. Ẹ lọ ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, eyín yín pé, ẹnu yín ò sì dákẹ́ títí dọjọ́ tó kẹ́yìn. Ta ni yóò máa bi wá ní ìdí ọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ báyìí? Mo ń sunkún, mo sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Èmi Bùkọ́lá, àkọ́bí yín, ni mo ń sọ̀rọ̀. Ti Dọ̀tun, àbúrò tó tẹ̀lé mi, ni mo fẹ́ rántí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ọ́ síbí. Lọ́jọ́ tó sọ fún yín pé ọkùnrin ni ọkàn òun ń fà sí, kì í ṣe obìnrin, ẹ ò lè jẹun. Àǹtí Òjòwò, àbúrò yín, ní ẹ̀jẹ̀ Màámi, ìyá wa, ló gbé e wá, ó ní Dọ̀tun ò gbọdọ̀ sí lára àwọn ọmọ tí yóò bu yẹ̀pẹ̀ sí ibojì yín. Màámi sunkún. Ẹ̀yin ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ẹ fẹ́ ṣèwádìí.

Ẹ mú kàlẹ́ńdà ìjọ, ẹ ya ìdílé méjèèjì ní Ìjẹ̀bú-Igbó sẹ́yìn rẹ̀: àdúgbò Àtìkòrí, ti ẹ̀yin, àdúgbò Òkè-Ṣopẹ́n, ti Màámi. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi ń ti ilé ìyá àgbà kan bọ́ sí òmíràn, pẹ̀lú bírò létí. Kí lẹ rí? Ẹ rí ọlọ́wọ́ òsì mẹ́rin. Ẹ rí i pé Àtìkòrí ni híhanrun ilé wa ti wá, èyí tí ẹ ti ń dì ru Màámi láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ò rí ẹlẹ́bi kankan fún ti Dọ̀tun.

Ẹ wá padà sídìí ìwé. Ẹ ní àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn: jíìnì, ìyẹn àbùdá tó ń ti ara òbí wọ ara ọmọ, lọ́wọ́ sí i, àmọ́ kò sí jíìnì kan ṣoṣo téèyàn lè nàka sí, wọ́n pọ̀, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré, ohun mìíràn sì tún wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì mọ̀ tán. Ìbejì tó jọra bí ìmumu pàápàá, ọkàn ọ̀kan lè fà síbì kan, ti èkejì síbòmíràn.

Nípàdé ẹbí, ẹ gbé kàlẹ́ńdà náà kọ́ ògiri, ẹ sì dìde.

"Mo jẹ̀bi," lẹ wí. "Mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má mú ìdáhùn ṣáájú ìwádìí, èmi wá ń wá ẹ̀jẹ̀ tí mo máa dá lẹ́bi. Bí wọ́n rí gbogbo ẹ̀ lọ́la, bí wọn ò rí nǹkan kan, Dọ̀tun ò ní tìtorí ẹ̀ di ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ mi rè é."

Ẹ bẹ Màámi níwájú gbogbo wọn. Àǹtí Òjòwò ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, híhanrun yẹn ń kọ́?" Ẹ ní, "Ìyẹn nìkan ló dájú." Ẹ̀rín gba gbogbo ilé.

Dọ̀tun ti dé, Bàbá. Àǹtí Òjòwò ló bá a lọ aṣọ funfun rẹ̀ láàárọ̀ yìí, òun náà ló sì ní òun lòun máa gbé àwo yẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn tèmi, ọwọ́ Dọ̀tun ló kàn.

Ẹ sùn re o, Tíṣà. Ẹ máa hanrun bó bá wù yín.