Igbá Àkọ́kọ́

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra igbá lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́ ní Ọjà'ba, àfi kó ní sùúrù. Obìnrin náà yóò kọ́kọ́ bu omi sínú igbá náà títí yóò fi kún dé ẹnu, yóò gbé e lé òkúta pẹlẹbẹ kan tó wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, yóò sì ní kí oníbàárà máa wo ìdí rẹ̀ bóyá yóò jò. Àwọn tó ń kánjú a máa bínú. Àwọn mìíràn a ní fáàrí ló ń ṣe, pé ó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé igbá òun kì í jò. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Owú ló kọ́ ọ ní ìṣe yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ará Bẹ́yẹrúnkà ni Àtọ́kẹ́. Ọkọ rẹ̀, Màmúdù, ló máa ń fín igbá, òun a sì máa tà á. Nígbà tí Màmúdù kú, Àtọ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra igbá fínfín lọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́, ó sì ń fi okùn kasán rán èyí tó bá fọ́. Wọ́n ní igbá tó fọ́ ní í gba kasán létí, kò sì sí ẹni tó mọ kasán rán mọ́ igbá bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ọjà'ba. Ọlọ́run kò fún un lọ́mọ. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ bí ọmọbìnrin kan, ó sì kú kí ọmọ náà tó já lẹ́nu ọmú. Àtọ́kẹ́ gbé ọmọ náà pọ̀n. Àjọkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìdí ìsọ̀ igbá ló ti kọ́ ìrìn, ó sì ti mọ kasán rán kó tó mọ irun dì.

Nígbà tó yá, Àjọkẹ́ fẹ́ Hezekiah, káfíńtà kan láàárín àwọn onígbàgbọ́ Àrẹ̀mọ. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Clara. Àtọ́kẹ́ kò bá ṣọ́ọ̀ṣì jà o. Mùsùlùmí ni òun, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹ̀sìn ọkọ ni ìyàwó ń ṣe. Ẹni tí kò lè gbà láyé rẹ̀ ni Ìyá Japheth.

Ìyá Japheth yìí ni aya olùkọ́ ní Àrẹ̀mọ. Ó ti gbé Èkó rí. Òun ló kọ́ Clara ní aṣọ rírán àti ìwé kíkà, ohùn rẹ̀ sì tutù débi pé ènìyàn kò lè rí i bá jà. Gbogbo ìgbà tí Clara bá dé Bẹ́yẹrúnkà, "Ìyá Japheth ní báyìí, Ìyá Japheth ní bẹ́ẹ̀" ni. Ọbẹ̀ tí Àtọ́kẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọmọ yìí ní sísè, Clara ti ń sè é bíi ti Ìyá Japheth. Àtọ́kẹ́ a gbọ́, a mú un mọ́ra, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ a máa ta á bí ìgbà tí ata bá wọ ojú. Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ó rù títí àwọn ará ọjà fi ń bi í pé ṣé kò sí nǹkan.

Àwọn obìnrin onígbàgbọ́ Àrẹ̀mọ nígbà náà ní àṣà kan. Ní ọjọ́ kejì Kérésì, wọn a gbé oúnjẹ lọ fún àwọn àgbà wọn, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́, ìbáà jẹ́ ìmàle, ìbáà jẹ́ abọ̀rìṣà. Igbá tuntun ni wọ́n fi ń gbé e, nítorí igbá náà kì í padà mọ́, ó ti di ti ẹni tí wọ́n gbé e fún. Nítorí náà, láti ìdájí ni wọ́n ti máa ń ya dé Ọjà'ba, tí onígbá, oníyọ̀ àti ẹlẹ́ja gbígbẹ kò ní rí àyè mí. Igbá tí ènìyàn rà lè tó márùn-ún, ó lè tó mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ilé ẹni tó bá jẹ́ ìyá fún ọ ni igbá àkọ́kọ́ ń lọ. Gbogbo àdúgbò a sì jáde sí ẹnu ọ̀nà láti wo ibi tí ìyàwó kọrí sí.

Ní ọdún tí ogun Kírìjì tú ká, Clara ṣe Kérésì rẹ̀ àkọ́kọ́ nílé ọkọ. Ní ọjọ́ kejì, Àtọ́kẹ́ wẹ̀, ó ró sányán, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Igbá àkọ́kọ́ lọ sí ilé Ìyá Japheth. Ti Àtọ́kẹ́ ló ṣe ìkejì. Oúnjẹ náà ṣì ń gbóná nígbà tó dé, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án.

Àkíbù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé oúnjẹ ìkejì kì í yó ènìyàn ni?"

Àtọ́kẹ́ ti igbá náà sí i níwájú. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá yóò ṣe bí ọmọ bá lọ so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ìyá ẹlòmíràn? Àwọn àgbà kò sọ ìyẹn. Odidi ọdún kan ló fi ń rò ó, tó ń rò ó sùn, tó ń rò ó jí.

Ọjọ́ kejì Kérésì tún pé. Lára igbá tí Àtọ́kẹ́ kó wá sọ́jà lọ́jọ́ náà, méjì wà tó jẹ́ pé èso kan ṣoṣo ni wọ́n là tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Ẹni tó fín wọn fín ẹyẹ yí wọn ká, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ti já bọ́ láti inú agbọ̀n lójú ọ̀nà, ó sì là tín-ín-rín nídìí, lábẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ kan. Àtọ́kẹ́ gbé e sẹ́yìn kó lè fi kasán rán an bí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Kò pẹ́ tí Clara fi dé. Kò dá wá. Ìyá Japheth ni wọ́n jọ wá.

Clara kúnlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Ìyá. Ẹ kú ọdún."

"O kú ọdún, Àjọkẹ́." Àtọ́kẹ́ kì í pè é ní Clara, pàápàá níwájú Ìyá Japheth.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa," ni Ìyá Japheth wí. "Igbá àkọ́kọ́ la wá rà."

"La wá rà" yẹn gún Àtọ́kẹ́ láyà. Ìyá Japheth ń gbé igbá kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kàn án, ó ń gbọ́ dídún rẹ̀, àfi bí ẹni tí wọ́n bí sídìí ìsọ̀. Nígbà tó dórí igbá ẹlẹ́yẹ, èyí tó dá ṣáká, ó dúró.

"Èyí ni, Clara. Òun ló yẹ ẹ́."

Àtọ́kẹ́ bi Clara pé, "Ta lo fẹ́ gbé e fún?"

"Ẹni tó tọ́ sí ni, Ìyá."

Clara wo Ìyá Japheth, Ìyá Japheth wo Clara, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Clara wá tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú owó ẹyọ jáde. Àtọ́kẹ́ kò gba owó igbá lọ́wọ́ ọmọ yìí rí. Lọ́jọ́ náà, ó tẹ́ ọwọ́. Ẹnu ya Clara díẹ̀, ṣùgbọ́n ó san án.

"Ẹ yípo ọjà ná," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi epo pa á kó lè dán."

Bí wọ́n ti yí ẹ̀yìn padà, ó ti igbá tó dá ṣáká sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, ó sì fa èyí tó là jáde. Ó bu ìda oyin, ó fi ọwọ́ yí i títí ó fi rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ojú ibi tó là. Ó lọ èédú, ó fi ra á, ó sì fi epo pa gbogbo rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ wá ojú ibẹ̀ tì. Omi tútù kò ní rí ọ̀nà gbà. Ọbẹ̀ gbígbóná ni yóò yọ́ ìda náà. Àtọ́kẹ́ ti ń rí Ìyá Japheth lójú ara rẹ̀: bó ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ Èkó, tí gbogbo àdúgbò ń wò, tí epo wá ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ ọn gan-an.

Clara padà, ó gba igbá náà. "Ẹ ṣeun, Ìyá mi," ó ní, ó sì lọ.

Àtọ́kẹ́ kò lè dúró tajà mọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti palẹ̀ mọ́, ó ti dé Bẹ́yẹrúnkà, ó jókòó, ó ń retí ìròyìn ẹ̀sín láti Àrẹ̀mọ. Orin ló gbọ́. Àkíbù sáré jáde, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ń bọ̀ o!"

Clara ló wà níwájú, igbá ẹlẹ́yẹ lórí rẹ̀, aṣọ funfun tuntun lọ́rùn rẹ̀. Hezekiah tẹ̀ lé e, Ìyá Japheth náà tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àwọn obìnrin Àrẹ̀mọ bíi mẹ́wàá. Àtọ́kẹ́ ní wọ́n ń kọjá lọ ni. Wọn kò kọjá. Clara yà wọlé, ó gbé igbá náà sọ̀ sórí apá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Àtọ́kẹ́.

"Ìyá, ẹ má bínú ti èṣí. N kò mọ̀ nígbà náà. Ìyá Japheth ló bá mi wí, wọ́n ní ilé ẹni tó pọ̀n mí ni igbá àkọ́kọ́ ń lọ. Bàbá wa Àkíbù ló bá mi dú ẹtù yìí bí ìmàle ṣe ń dú ẹran, kí ẹ lè rí i jẹ."

Kí Àtọ́kẹ́ tó la ẹnu, epo kán. Ó kán sí àyà aṣọ funfun náà, ó tún kán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Orin dá.

Obìnrin kan pariwo lẹ́yìn. "Ha! Ta ló ta igbá fífọ́ fún ọmọ yìí?"

Clara tẹ orí wo ìdí igbá náà. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Ìyá mi kò lè ta igbá fífọ́ fún mi," ó ní. "Ọbẹ̀ ń hó nígbà tí mo dà á sí i. Ọwọ́ mi ló fà á."

Ó dìde, ó ń wá ohun tí yóò da ọbẹ̀ náà sí. Agbọ̀n ọjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa igbá ẹlẹ́yẹ kejì jáde. Ó da ọbẹ̀ sínú rẹ̀. Kò jò.

Ìyá Japheth gbé igbá àkọ́kọ́ nílẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó là, ó wo ìda tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì wo ojú Àtọ́kẹ́. Àtọ́kẹ́ rò pé ayé òun ti parí. Ìyá Japheth nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

"Òótọ́ ni Clara sọ," ó ní. "Igbá kì í fẹ́ ọbẹ̀ tó ń hó."

Gbogbo ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì padà sídìí orin. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró tó ń bá a gbọn eérú náà kúrò lára ni Ìyá Japheth, èyí ló sì dun Àtọ́kẹ́ jù. Ó jẹ ẹtù náà tán níṣojú wọn. Kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti gbé òkúta pẹlẹbẹ wá sí iwájú ìsọ̀, tó ń da omi sí igbá kó tó tà á.

Ọjọ́ kejì Kérésì tún yí po. Clara dá wá, ó pọn ọmọ. Ó mú igbá kan. Àtọ́kẹ́ gbà á, ó bu omi sí i, ó gbé e lé òkúta.

"Ìyá, èmi náà?"

"Ìwọ gan-an."

Wọ́n jọ ń wo ìdí igbá. Ó gbẹ.

"Clara," ni Àtọ́kẹ́ wí. Kò pe orúkọ yẹn rí. "Igbá èṣí yẹn…"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ igbá, Ìyá. Mo ti rí ìda nínú epo kí Ìyá Japheth tó fọwọ́ kàn án."

"O rí i? O sì dákẹ́?"

"Gbogbo àdúgbò ló dúró. Kí lẹ fẹ́ kí n wí?"

Clara da omi náà nù, ó nu igbá náà, ó gbé e rù. Ó mú owó jáde, Àtọ́kẹ́ sì fi ọwọ́ méjèèjì ti owó náà padà.

"Ẹ má pẹ́ lọ́jà o," ni Clara wí. "Ilé yín ni mo ń gbé ti àkọ́kọ́ bọ̀."

Ó ti rìn díẹ̀ kí Àtọ́kẹ́ tó ké sí i. Ó yẹ kó dúpẹ́ ni. Ó yẹ kó bẹ ọmọ náà. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ti Ìyá Japheth ńkọ́?"

Clara bojú wẹ̀yìn. "Tiwọn ló ṣe ìkejì, Ìyá."

Inú Àtọ́kẹ́ dùn. Ojú sì tì í pé inú òun dùn.